Ọmọkùnrin Kẹta Nínú Ilé Ọlọ́lá ní Jámánì Àtijọ́: Ṣé Wọ́n Lé E Ni, àbí Wọ́n Fi Í Pamọ́?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn ọmọ iléèwé gíga. Akọni inú rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin kẹta nínú ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1400. Ohun tí mo kà ni pé àkọ́bí ló ń kó gbogbo ogún, èkejì á di jagunjagun, ẹ̀kẹta á di àlùfáà, àwọn tó kù á sì máa rìn kiri bí ẹni tí kò nílé. Ṣé òótọ́ ni? Bí ọmọ náà kò bá fẹ́ ṣe àlùfáà ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì kú, ṣé ó lè padà wá jogún?”

Bí mo ṣe lóye ìbéèrè yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí jẹ́ ẹni tí ilé baba rẹ̀ ti gbá dànù, tàbí ẹni tí wọ́n ṣì ń kà mọ́ra. Èsì tèmi ni pé wọn kò gbá a dànù. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ ni, bí àgbẹ̀ ṣe ń ya èbù sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu jíjẹ. Ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá mu jù, àwọn tó kọ ọ́ ló kàn gbé e wọ Jámánì lọ́rùn bí ẹ̀wù tí wọn kò rán fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Yúróòpù, kò sí àṣìṣe tí mo ń bá pàdé nínú ìwé ìdánwò wọn tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀ palẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ oyè baba. Bó ti wù kí aṣọ ọrùn àwọn àbúrò rẹ̀ dára tó, ará ìlú lásán ni wọ́n lójú òfin. Ní Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọkùnrin tí Graf bí, ìyẹn ìjòyè aláṣẹ agbègbè tí ipò rẹ̀ kéré sí ti dúkì, Graf ni wọ́n, kódà bí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn kò ju oko kan lọ. Bí oyè ṣe jẹ́ ti gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ní ọdún 1255, Ludwig àti Heinrich tó jogún Bavaria pín in sí méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Nígbà tó di 1392, àwọn ìran Ludwig tún pín ilẹ̀ ọwọ́ wọn sí mẹ́ta, ọ̀kan fi München ṣe olú-ìlú, èkejì fi Ingolstadt, ẹ̀kẹta fi Landshut. Àwọn kan á ní ṣebí olú-ọba Karl Kẹrin gbé òfin olóǹtẹ̀ wúrà jáde ní 1356, tó sọ pé ilẹ̀ àwọn ọmọ-aládé tó ń dìbò yan ọba kò gbọdọ̀ ya sí méjì, pé àkọ́bí ni yóò máa jogún rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ilé tí òfin náà kàn yàtọ̀ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà mẹ́ta, kò sì kan Graf tó ń gbé orí òkè kejì. Kódà nínú ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin yẹn, nígbà tí ọba Ruprecht, olórí agbègbè Pfalz létí odò Rhine, kú ní 1410, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin ló pín ilẹ̀ náà: wọ́n yọ ìpín tí òfin yà sọ́tọ̀ fún Ludwig àgbà wọn, wọ́n sì pín ìyókù. Ọdún 1473 ni ilé tó ń ṣàkóso Brandenburg kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà kò ní ya mọ́. Württemberg ṣe tirẹ̀ ní 1482. Bavaria kò sì ṣe tirẹ̀ títí di 1506, lẹ́yìn tí ìjà ogún Landshut ti di ogun gidi tó sun abúlé púpọ̀. Nítorí náà, ní 1400, akọni yín ní ẹ̀tọ́ sí ogún, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ẹni tí òfin ti kọ̀ sílẹ̀ láti ìgbà ìbí, ẹni tó mọ ìtàn náà kò ní kà á kọjá ojú ìwé kejì.

Ẹni tó mọ bí a ṣe ń pín ogún ní orí-ojorí nílé wa á tètè lóye èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìdí-igi kò sí lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí ìyàwó kan ni ìjọ gbà wọ́n láyè láti fẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ní ohun tó jọ ilé ẹbí. Ẹ wo ilé olódi Eltz, tó wà nínú igbó lórí àpáta kan tí odò kékeré Elzbach fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, tí kò jìnnà sí odò Mosel. Nígbà tó fi máa di 1268, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta, Elias, Wilhelm àti Theoderich, ti pín in láàrin ara wọn. Àmì ìdílé Elias ní kìnnìún wúrà, ti Wilhelm ní kìnnìún fàdákà, ti Theoderich sì ní ìwo ẹfọ̀n. Ìran kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé tirẹ̀ sí etí àgbàlá kan náà, débi pé ẹni tó bá dúró ní àárín àgbàlá náà lónìí, ògiri gíga-gíga ni yóò máa wò lókè orí rẹ̀ láti ìhà gbogbo, bí ẹni pé àwọn ìdílé náà ṣì ń yọjú wo ohun tí ara wọn ń sè. Àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ máa ń kọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Burgfriede: ta ni yóò tún ẹnubodè ṣe, ta ni yóò san owó ẹ̀ṣọ́, ìyà wo ni yóò jẹ ẹni tó bá fa idà yọ sí ọmọ ẹbí rẹ̀ nínú odi. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi ìpàdé ẹbí lórí òrùlé tó ń jò yóò mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi máa ń gùn.

Ibi tí ìṣòro gan-an wà nìyí. Bí ọmọkùnrin mẹ́rin bá pín ilẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbéyàwó tó sì bí mẹ́rin, àwọn ọmọ-ọmọ á di mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn á máa jẹ́ Graf, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè bọ́ ẹṣin ogun kan nínú wọn. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó máa jogún ni àwọn ìdílé wọ̀nyí ń ṣọ́ jù, bí kò ṣe ẹni tó máa gbéyàwó. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kan tàbí méjì gbé, wọ́n á sì wá ọ̀nà tó ní ọlá tí àwọn yòókù á fi wà láìgbé. Ṣùgbọ́n wọn kò lè pa ilẹ̀kùn náà dé pátápátá, nítorí ikú ń pa ọmọ ọlọ́lá bó ṣe ń pa ọmọ àgbẹ̀: ibà, ọgbẹ́ tó kẹ̀, ẹṣin tó gbéni ṣubú, àjàkálẹ̀ àrùn tó jà káàkiri Yúróòpù láti 1347. Ìdílé tó bá ti fi gbogbo àbúrò jẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ tán pé wọn kò ní gbéyàwó, tí àkọ́bí wá kú láìbímọ, ilẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àárín ìbẹ̀rù méjì yìí, pé kí ọmọ má pọ̀ jù àti pé kí ọmọ má tán, ni ayé akọni yín wà.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábàá jẹ́ ti àlùfáà abúlé tó ń ṣe máàsì fún àwọn àgbẹ̀. Ìgbìmọ̀ kàtídírà ni ojú wọn wà. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Domherr, ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó ń wọlé fún kàtídírà, ọkà, wáìnì, owó ilẹ̀, àti ilé tó bójú mu nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n retí pé kó wà níbi orin àdúrà ní àwọn wákàtí tí a yàn, àmọ́ igbákejì tí wọ́n ń san owó fún lè dúró kọrin náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í di àlùfáà rárá: wọ́n á fá irun àárín orí wọn, wọ́n á gba oyè ìsàlẹ̀ nínú ìjọ, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Àyè náà kì í ṣe ti ẹni tó kàn bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní ọ̀pọ̀ kàtídírà, ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ọlọ́lá ni àwọn òbí òbí òun níhà bàbá àti níhà ìyá. Ní Köln, ilé Graf àti ilé ọmọ-aládé nìkan ló ni àyè àwọn ọlọ́lá. Bí ẹ bá ń wá ìdí tí ìdílé kan fi lè ta kò ìgbéyàwó ọmọ wọn pẹ̀lú ọmọ oníṣòwò olówó, ọ̀kan nìyẹn: ìyá tí kì í ṣe ọlọ́lá lè ti ilẹ̀kùn kàtídírà mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yìí ló sì ń yan bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù Jámánì kì í sì í ṣe olórí ìjọ nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn ní ilẹ̀, ilé olódi, ọmọ ogun àti owó orí bí dúkì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, Köln àti Trier sì wà lára àwọn méje tó ń yan ọba. Ọmọkùnrin kẹta kan tí ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ ni Balduin láti ilé Luxemburg. Ogun Worringen pa bàbá rẹ̀ ní 1288, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Heinrich ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jogún ilẹ̀, ìdílé sì rán Balduin lọ kàwé ní Paris. Ní 1307 ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Trier, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 30 tí òfin ìjọ ń béèrè. Ní 1308, ìbò rẹ̀ wà lára ìbò tó fi Heinrich yìí kan náà jẹ ọba. Ọba náà kú ní 1313. Balduin wà lórí àga rẹ̀ ní Trier títí di 1354. Ta ni ìdílé gbá dànù níbẹ̀?

Ní ti ìpadàbọ̀, gbogbo rẹ̀ dúró lórí bí ọmọ náà ṣe jìn tó nínú ẹ̀jẹ́. Domherr tó wà ní oyè ìsàlẹ̀ lè kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kó jẹ́ kí irun rẹ̀ hù, kó gbéyàwó, ojú kò sì ní tì í. Ẹni tó ti di àlùfáà tàbí mọ́ńkì, ọ̀nà tirẹ̀ há gidigidi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tayọ jù ni Philipp, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin olú-ọba Friedrich Barbarossa. Wọ́n ti fi í jìn fún ìjọ: ó di olórí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Aachen ní 1189, lẹ́yìn náà wọ́n yàn án ní bíṣọ́ọ̀bù Würzburg, àmọ́ wọn kò tíì yà á sí mímọ́. Ni ikú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀nà. Friedrich ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní ìlú Akre ní Ilẹ̀ Mímọ́ ní 1191, lójú Ogun Àgbélébùú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Philipp jáde nínú iṣẹ́ ìjọ. Konrad ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn kú ní 1196, Philipp sì di dúkì Swabia. Ní 1197 ó gbé Irene, ọmọ olú-ọba Konstantinópù, níyàwó. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olú-ọba Heinrich Kẹfà kú, nígbà tó sì di 1198, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù ti di ọba, títí wọ́n fi pa á ní Bamberg ní 1208.

Ẹ béèrè bóyá ó lè kọ̀. Ó lè kọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ló ni owó. Ẹ má sì rò pé àbúrò nìkan ni wọ́n ń fún ìjọ. Ulrich von Hutten, àkọ́bí ìdílé jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan ni, síbẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Fulda ní 1499, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá; ara rẹ̀ kò le tó ti ẹni tí yóò máa wọ ìhámọ́ra. Ní 1505 ó sá jáde. Bàbá rẹ̀ bínú sí i gan-an, òṣì ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ó fi san owó òmìnira náà. Irú nǹkan báyìí ni mo rí tí mo fi ń sọ pé ìlànà “èkejì ogun, ẹ̀kẹta àlùfáà” kò sí ní Jámánì. Ìlera ọmọ, àyè tó ṣí sílẹ̀ ní kàtídírà, àti ẹni tí arákùnrin ìyá rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀ ló ń pinnu.

Ọ̀nà mìíràn ni Deutscher Orden, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwòsàn ní Akre ní 1190. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní gbéyàwó, kò ní ní ohun ìní tirẹ̀, ṣùgbọ́n á máa gun ẹṣin, á máa fi idà jà, wọ́n sì lè fi í ṣe alákòóso ìlú. Ní 1400, ìlú olódi ńlá wọn ní Marienburg ní Prussia ṣì wà nínú ògo, ọmọ ìdílé kékeré kan láti Swabia, Konrad von Jungingen, ló sì jẹ́ olórí àgbà. Ulrich àbúrò rẹ̀ ló gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ ní 1407, òun ni wọ́n sì pa lójú ogun Tannenberg ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1410. Àmọ́ ọ̀nà yìí léwu fún ìdílé, nítorí kò sí ìpadàbọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdílé tó ń ṣàkóso agbègbè Thuringia. Ludwig tó jẹ́ olórí kú lójú ọ̀nà Ogun Àgbélébùú ní 1227. Konrad àbúrò rẹ̀ dáná sun ìlú Fritzlar ní 1232 nínú ìjà rẹ̀ pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, ó ronú pìwà dà, ó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1234, ó di olórí àgbà ní 1239, ó sì kú ní 1240. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ludwig fi sílẹ̀ kú ní 1241. Heinrich Raspe, àbúrò tó kù, gbéyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, kò bímọ, ó kú ní 1247. Ogun ogún náà kò parí títí di 1264, Hessen sì ya kúrò lára Thuringia. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orí pátákó ni mo máa ń ya ìdílé yìí sí, kí wọ́n lè rí bí orúkọ ṣe ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti alárìnkiri tí ẹ mẹ́nu bà, òun náà wà, ẹni tó sì bá ọdún yín mu jù ni Oswald von Wolkenstein, ọmọkùnrin kejì nínú mẹ́ta, láti agbègbè olókè Tirol. Nínú orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun nígbà tí òun kúrò nílé, pẹ̀lú owó kọ́bọ̀ mẹ́ta nínú àpò àti èérún búrẹ́dì kan. Mo máa ń kìlọ̀ pé olórin ni, olórin kì í sì í dín iyọ̀ inú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kù. Àmọ́ ìwé ogún wọn kì í ṣe orin. Ọdún 1407 ni òun, Michael ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Leonhard àbúrò rẹ̀ tó pín ogún. Lára ohun tó kan Oswald ni ìdá kan nínú mẹ́ta ilé olódi Hauenstein. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Jäger ló ni ìdá méjì tó kù. Ẹ fojú inú wò ó: ilé kan lábẹ́ òkè, ẹni méjì tó ni í, ọ̀kan nínú wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdá rárá. Oswald gba gbogbo ilé náà. Ní 1421, Jäger àti àwọn èèyàn rẹ̀ mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Obìnrin kan tó ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó dẹ pańpẹ́ fún un. Ọdún 1427 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, tó sanwó, tí Hauenstein fi di tirẹ̀ pátápátá. Láàrin gbogbo rẹ̀ ó ti wọ iṣẹ́ ọba Sigismund ní Konstanz ní 1415, ó sì ti gbé Margarete láti ilé Schwangau níyàwó ní 1417. Alárìnkiri ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wá kiri.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí èsì mi mọ. Àwọn tó ní akọ̀wé àti àpótí ìwé ni a lè tọpa dáadáa, ìyẹn ilé ọmọ-aládé, ilé Graf àti àwọn ìdílé jagunjagun tó rí jájẹ. Ọmọ kẹrin olówó tín-ín-rín, tó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé olódi ẹlòmíràn tí kò sì gbéyàwó, orúkọ rẹ̀ lè hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó ti ṣe ẹlẹ́rìí nínú ìwé títa oko. Nítorí náà ẹ má fi Balduin àti Philipp ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo wọn.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, bí ìwé yín bá jẹ́ tèmi, n kò ní rán akọni náà lọ sí Prussia, nítorí ìdìmú ìtàn náà á tú: kò ní lè padà. N kò sì ní sọ ọ́ di alárìnkiri, Oswald ti gba ìyẹn mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Màá fi í sí kàtídírà, ní oyè ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìpín ọkà àti wáìnì tó tó o jẹ tí kò tó o fi ṣe fáàrí. Màá wá jẹ́ kí ìránṣẹ́ máa ti ilé dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti lóyún, obìnrin ló bí, ó tún ti lóyún, ọkùnrin ni, àmọ́ kò gbé ọ̀sẹ̀ kan. Kí akọni náà ní kí ìránṣẹ́ bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun pé ẹ kú ìrọ́jú, bí ìránṣẹ́ bá sì ti lọ tán, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì fọwọ́ pa àárín orí rẹ̀ níbi tí wọ́n fá, kó ronú bóyá kí òun pe onífárí lọ́la, àbí kí òun jẹ́ kó hù.